Ẹ Rẹ́ Ọwọ́ Igi Kòkó Yín Kí Òjò Tó Le

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ní oko kòkó, ìbáà ṣe èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ìbáà ṣe èyí tí ó jogún. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ka apá kan tán, ẹ dúró, kí ẹ rò ó wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú oko tiyín. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé tí kò tíì mọ ìwé kà, ẹ kà á fún un kí ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Òun nìyí: igi kòkó tí a fi sílẹ̀ tó di igbó, ewé ni yóò máa bọ́, kò ní bọ́ olóko. Bí a bá ń gé e díẹ̀díẹ̀ ní àkókò tó yẹ, yóò so. Bí a bá sì gé e ní àgéjù, a ó pa á lára. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a óò gé, ìgbà tí a óò gé e, àti ibi tí a óò dúró.

1. IBI TÍ KÒKÓ TI WÁ

Igi kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú igbó ńlá Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Níbẹ̀, abẹ́ ibòòji àwọn igi gíga ni ó ń gbé. Àwọn tó kọ ìtàn kòkó sọ pé ní 1874 ni Squiss Ibaningo mú irúgbìn rẹ̀ láti erékùṣù Fernando Po wá sí Bonny. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ ńlá bíi J. K. Coker gbìn ín ní Agége. Àwọn tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú un lọ sí ìlú wọn.

Gbogbo wa la mọ ohun tí kòkó ṣe. Owó kòkó kọ́ ilé, ó gbé ìyàwó, ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Ilé Kòkó tó ga fíofío ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, orúkọ rẹ̀ fi ibi tí owó ti wá hàn.

Ṣùgbọ́n igi tó ṣe gbogbo èyí kò lè rẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwa ni a óò bá a ṣe é.

2. BÍ IGI KÒKÓ ṢE Ń DÀGBÀ

Kí a tó mú àdá, ẹ jẹ́ kí a mọ ara igi.

Bí hóró kòkó bá hù, igi kan ṣoṣo ni yóò yọ, yóò sì máa lọ sókè gbọọrọ. Bí ó bá ga tó àyà ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, yóò dúró. Níbẹ̀ ni yóò ti yọ ẹ̀ka 3 sí 5 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí yóò sì tẹ́ yíká bí igi agbòòrùn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò pe ibi tí àwọn ẹ̀ka náà ti yà ní oríta igi.

Kòkó kì í so sí ṣóńṣó ẹ̀ka bí ọsàn tàbí máńgòrò. Ara igi gan-an àti ara ẹ̀ka ńlá ni ó ń so sí. Ẹ wo ara igi kòkó dáadáa, ẹ ó rí àwọn ibi tó wú díẹ̀. Ibẹ̀ ni òdòdó kéékèèké ti ń yọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ojú òdòdó. Ojú òdòdó kan náà ni yóò máa tanná ní ọdọọdún. Bí àdá bá ṣá a, tí èèpo igi ibẹ̀ bó, kò dájú pé èso yóò tún yọ níbẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ tó ń ju àdá káàkiri ara igi kòkó, owó ọ̀la ni ó ń ṣá.

Àwọn kòkòrò tíntìntín tó dà bí kantíkantí ni wọ́n ń gbé àtíkè òdòdó láti ojú òdòdó kan sí òmíràn. Bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ yìí, òdòdó yóò kàn rẹ̀ dànù ni. Inú ewé jíjẹrà tó tutù nílẹ̀ ni àwọn kòkòrò yìí ti ń bímọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbá gbogbo ewé gbígbẹ kúrò ní abẹ́ kòkó bí ẹni ń gbá àgbàlá.

Láti ìgbà tí òdòdó bá di èso títí tí èso náà yóò fi pọ́n, ó tó oṣù 5 sí 6. Ohun tí a bá ṣe sí igi ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìgbà ìkórè ńlá ni a óò rí èrè rẹ̀.

3. KÍ NI ÈÉHÙ?

Ní ìsàlẹ̀ oríta igi, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka kan a máa yọ lára igi, wọn a sì máa lọ sókè gbọọrọ. A pè wọ́n ní èéhù. Èéhù kì í tẹ́ yíká bí ẹ̀ka rere. Ó ń wá bí yóò ṣe di igi mìíràn lórí igi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yóò kọjá oríta igi, yóò sì ṣe oríta tirẹ̀ lókè. Bí ó bá tún di ọdún mélòó kan, òmíràn á tún gun ti èkejì. Báyìí ni igi kòkó ṣe ń ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá ìkákòkó kò fi ní tó o mọ́.

Oúnjẹ tó yẹ kí èso jẹ ni èéhù ń jẹ. Ẹ rò ó bí ilé tí àlejò 10 wọ̀ sí, tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ń bá baálé lọ sí oko.

4. OHUN TÍ IGBÓ Ń ṢE FÚN KÒKÓ

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ohun gbogbo ní oko ló ń hù kíákíá. Koríko ń hù, èéhù ń hù, ẹ̀ka igi kan ń wọ inú ti èkejì. Kí olóko tó mọ̀, abẹ́ kòkó ti ṣókùnkùn. Ìpalára mẹ́rin ni èyí ń ṣe.

Èkíní, ó ń mú kí èso jẹrà. Oòrùn kò lè wọlé, atẹ́gùn kò lè kọjá, èso á sì máa tutù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ibi tó tutù báyìí ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́ràn jù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ lára èso. Àmì náà á máa fẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé, ó lè ti bo gbogbo èso náà, a ó sì rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èso náà á dúdú, á sì gbẹ mọ́ igi.

Irúgbìn àrùn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Inú ilẹ̀ àti inú èso dúdú tó gbẹ ni ó ń fara pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá rọ̀, omi á ta láti ilẹ̀ sí ara èso tó wà nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa gòkè. Èéhù tó yọ nítòsí ilẹ̀ dà bí àkàbà fún un. Èèrà náà a máa gbé e kiri.

Èkejì, ó ń kó kòkòrò jọ. Kòkòrò kan wà tó ń fi ẹnu gún èso àti ọ̀dọ́ ẹ̀ka, tó sì ń fa omi ara wọn mu. Ibi tó gún á di àmì dúdú. Ó fẹ́ràn èéhù púpọ̀, nítorí pé èéhù rọ̀.

Ẹ̀kẹta, àfòmọ́ á gbilẹ̀. Àfòmọ́ kì í ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀. Ara ẹ̀ka ni ó ń ta á sí, oúnjẹ ẹ̀ka náà ni ó sì ń jẹ. Ẹyẹ ló máa ń jẹ èso rẹ̀, tí yóò sì fi hóró rẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn. Nínú oko tó di igbó, olóko kì í tètè rí i.

Ẹ̀kẹrin, olóko fúnra rẹ̀ kò ní ríran. Èso á pọ́n lókè, kò ní rí i. Òkẹ́rẹ́ àti eku á rí i kí ó tó rí i. Bí ó bá fín oògùn, ewé ni oògùn náà yóò bà sí, kò ní dé ara èso. Owó oògùn á sì ṣòfò. Ejò pàápàá, irú ibẹ̀ ni ó ń fẹ́.

5. ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A GÉ E

Iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Iṣẹ́ ńlá: Lẹ́yìn ìkórè ńlá, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀, ìyẹn bí oṣù kẹta ọdún. Nígbà yìí ni a ń gé ẹ̀ka tó ti kú, ẹ̀ka tó há mọ́ra àti àfòmọ́. Ẹ má ṣe é nígbà tí ọyẹ́ bá le. Bí a bá ṣí orí igi nígbà náà, oòrùn yóò jó o, kò sì sí omi nílẹ̀ tí yóò fi gba ara rẹ̀ là.

Iṣẹ́ kékeré: Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà ìkórè, ẹ máa yọ èéhù lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èéhù tó kéré kò ní láárí. Ọwọ́ lásán ni a fi ń já a. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ di oṣù kẹfà, àdá ni yóò gbà. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọdún kejì, ayùn ni yóò gbà.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: Nígbà tí òjò bá le, ẹ máa lọ káàkiri oko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa ká èso tó bá ti ní àmì àrùn. Ẹ má jù ú sí ìdí igi. Ẹ kó o jáde, kí ẹ sì rì í mọ́ ilẹ̀ ní ẹ̀bá oko, jìnnà sí kòkó.

6. IRINṢẸ́

Kò gba owó púpọ̀. Àdá kékeré tó mú, ayùn, ọ̀pá gígùn tí a so ọ̀bẹ mọ́ lórí, àti òkúta tí a fi ń pọ́n àdá, wọ́n tó. Àdá tó kújú á máa fa èèpo igi ya, kò ní gé e. Ibi tó ya náà ni àrùn àti ikán ń gbà wọlé.

Àwọn igi tó yá gágá ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ tó wá sí èyí tó ń ṣàìsàn. Bí ẹ bá gé igi tó ní àrùn tán, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ àdá náà kí ẹ tó fi kan òmíràn.

7. BÍ A ṢE Ń ṢE É

(a) Ẹ kọ́kọ́ ṣán koríko abẹ́ igi kí ẹ lè ríran. Ẹ ṣọ́ra kí àdá má bà á ní ìdí.

(b) Ẹ ká gbogbo èso dúdú tó ti gbẹ mọ́ igi. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni àrùn ọdún tó ń bọ̀ wà.

(d) Ẹ yọ èéhù kúrò. Ẹ gé e mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹ bá ṣẹ́ kùkùté kù, kùkùté náà yóò tún hù, tàbí kí ó jẹrà.

(e) Ẹ gé àfòmọ́ kí ó tó so èso. Bí ẹ bá gé ewé rẹ̀ nìkan, yóò tún yọ. Ibi tí ó ti wọ ara ẹ̀ka ni kí ẹ wò. Ẹ gé ẹ̀ka náà kúrò ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

(ẹ) Ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú, èyí tó ṣẹ́, àti èyí tó ń gba inú èkejì kọjá. Bí ẹ̀ka 2 bá ń ra ara wọn, ẹ fi èyí tó lágbára sílẹ̀.

(f) Ẹ gé ẹ̀ka tó rọ̀ wá sílẹ̀ jù, kí ènìyàn lè nàró rìn lábẹ́ kòkó láìtẹ orí ba.

(g) Bí ẹ̀ka náà bá tóbi, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ ẹ lábẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó gé e láti òkè. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ya lulẹ̀ pẹ̀lú èèpo ara igi.

Ewé àti ẹ̀ka kéékèèké tí kò ní àrùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀. Wọn yóò jẹrà, wọn yóò di ajílẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí koríko hù.

Ní ti kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ẹ rántí òwe àwọn àgbà: láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ igi ní oríta kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹ̀ka 3 sí 5 tó tẹ́ dáadáa sílẹ̀, kí ẹ sì máa yọ èéhù tó bá jáde nísàlẹ̀. Igi tí a bá tọ́ báyìí kò ní fún wa ní wàhálà lọ́la.

8. IBI TÍ Ó YẸ KÍ A DÚRÓ

Àwọn àgbẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé kí a gé igi, wọn á gé e títí yóò fi kù bí òpó iná. Èyí kò dára. Ewé ni igi fi ń se oúnjẹ. Bí ewé bá tán, ebi ni. Yàtọ̀ sí èyí, bí oòrùn bá ráyè wọlé gbàràgàdà, koríko yóò hù, èéhù yóò yọ ní ìlọ́po, àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó yóò sì wọ́ tìrìgbọ̀ wá síbẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ dúró lábẹ́ kòkó ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣókùnkùn pátápátá, gígé kò tíì tó. Bí oòrùn bá tàn yòò sílẹ̀ bí ti ojú ọ̀nà, ẹ ti gé e jù. Bí oòrùn bá ń tàn sórí ewé gbígbẹ ní tótòtó, tí ó ń ṣeré síhìn-ín sọ́hùn-ún bí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó tó. Ẹ gbé àdá sílẹ̀.

Èéhù kan wà tí a kì í gé. Bí igi kòkó bá ti darúgbó, tí orí rẹ̀ ń kú tàbí tí ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ yan èéhù kan tó yọ nítòsí ilẹ̀, tó sì lágbára. Ẹ yọ àwọn yòókù, kí ẹ fi ọ̀kan yìí sílẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò tirẹ̀. Bí ó bá dàgbà tí ó ní oríta, ẹ gé ògbólógbòó igi náà kúrò. Báyìí ni igi arúgbó ṣe ń di ọ̀dọ́ láìtún gbin òmíràn.

9. Ọ̀RỌ̀ ẸGBỌ́N ÀTI ÀBÚRÒ

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ gígé kòkó a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí.

Àgbẹ̀ kan kú, ó fi oko kòkó sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin 2. Ọdún 3 ni bàbá náà fi ṣàìsàn kí ó tó kú, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan oko náà. Ẹ̀gbọ́n ń wakọ̀ ní ìlú ńlá. Àbúrò ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ìyá wọn. Èyí tó pọ̀ nínú èso tó yọ lọ́dún náà ló dúdú mọ́ igi. Ìyá sì ti gba owó ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wálé, ó wo oko, ó ní, "Igbó mà ni eléyìí! Jẹ́ kí n pe àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgégi, kí wọ́n gé gbogbo orí rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan. Á tún hù."

Inú bí àbúrò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, igi Bàbá nìyí. Òun ló rán yín lọ ilé-ìwé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ kan wá síbí níṣojú mi."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣé bó o ṣe fẹ́ máa wò ó títí tí á fi kú nìyẹn?"

Ìyá wọn jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ mi. Bàbá yín kì í wọ oko yìí láìmú àdá kékeré lọ́wọ́. Bí ó bá ti ń rìn lọ, ni ọwọ́ rẹ̀ ń yọ èéhù. Ẹ̀yin rò pé ó kàn ń rìn kiri ni. Ìwọ tó o fẹ́ gé gbogbo rẹ̀, bí igi ò bá léwé, kí la máa tà lọ́dún yìí? Kí la máa fi san gbèsè ọrùn mi? Ìwọ tó o ní ká má fọwọ́ kàn án, gbogbo kòkó tó dúdú lókè yẹn, ta ló jẹ ẹ́? Àbí Bàbá yín ló jẹ ẹ́?"

Àwọn ọmọ náà dákẹ́.

Wọ́n pín oko náà sí ọ̀nà 3. Ní gbogbo oko, wọ́n ká èso dúdú, wọ́n yọ èéhù, wọ́n sì gé àfòmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ńláńlá, apá kan péré ni wọ́n gé lọ́dún náà. Wọ́n fi apá kejì sí ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi apá kẹta sí ọdún kẹta. Ẹ̀gbọ́n wá ní ọjọ́ Sátidé 2, ó di ọ̀pá mú, àbúrò ń fi ìka hàn án ibi tí yóò gé.

Kì í ṣe pé èso pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹrà dín kù, ìyá sì san apá kan nínú gbèsè náà. Àwọn ọmọ náà kò sì bá ara wọn lọ sí kóòtù.

Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi pátápátá nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí a gé e. Àbúrò mọ̀ pé kò yẹ kí a bà á jẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé oko tó fi ọdún 3 di igbó, a kì í fi ọjọ́ kan tún un ṣe.

10. Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ jẹ́ kí ìwé ran oko lọ́wọ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ yan igi 10 tí ẹ ti rẹ́ ọwọ́ wọn, àti igi 10 tí ẹ kò tíì rẹ́. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí wọn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ iye èso tó dára tí ẹ ká àti iye èyí tó jẹrà. Bí ìkórè bá parí, ìwé yín ni yóò sọ òtítọ́ fún yín, ju ẹnu àjèjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká sọ pé oko kan ní igi 100, èso 5 sì jẹrà lórí igi kọ̀ọ̀kan.

100 × 5 = èso 500

Ká sọ pé èso 25 ni a óò pa kí a tó rí kílò 1 kòkó gbígbẹ.

500 ÷ 25 = kílò 20

Kílò 20 kòkó gbígbẹ ló bọ́ sọ́nù yìí. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ra kílò 1 ní ìlú yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀. Owó tí ẹ bá rí ni owó tí igbó jẹ. Ẹ fi wé owó ìwé ọmọ kan, tàbí owó páànù tí òrùlé ilé yín ń béèrè.

Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín. Ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ẹ mú ìwé kékeré yín dání bí ẹ bá ń lọ. Àgbẹ̀ tó ní àkọsílẹ̀, tètè ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé.

ÌBÉÈRÈ

1. Níbo lára igi ni kòkó ń so sí? Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a ju àdá sí ara igi?

2. Kí ni èéhù? Irú èéhù wo ni a kì í gé?

3. Nígbà wo ni a ń ṣe iṣẹ́ ńlá? Kí ló dé tí a kì í ṣe é nígbà ọyẹ́?

4. Báwo ni àrùn tó ń sọ èso di dúdú ṣe ń gbé láti ilẹ̀ dé orí igi?

5. Bí ẹ bá dúró lábẹ́ kòkó ní ọ̀sán, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé gígé ti tó?

6. Ká sọ pé oko kan ní igi 200, èso 4 sì jẹrà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò kòkó gbígbẹ mélòó ló sọ nù?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ní ọ̀la, bí ẹ bá dé oko, ẹ yan igi kòkó kan ṣoṣo. Ẹ ka iye èéhù tó wà lára rẹ̀, ẹ ka iye èso dúdú tó gbẹ mọ́ ọn, kí ẹ sì wò ó bóyá àfòmọ́ wà lókè rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ já èéhù tó bá ṣì rọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.